Ẹni tó mọṣẹ́ lè má ṣeé fọkàn tán: Ohun tí oníṣòwò lè kọ́ lára àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́

Kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò ní Igbogila, ní Ayétòrò tàbí ní Ìlarò tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Àlejò kan á dé sínú ọjà, á ní òun fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá. Á máa tètè dé ìpàdé, á máa san owó rẹ̀ kó tó di ọjọ́ tó yẹ, á máa bá akọ̀wé kọ̀wé, á sì máa bá akápò kówó lọ sí báǹkì. Kó tó pé ọdún kan, àwọn èèyàn á ti máa sọ pé irú ọmọ ẹgbẹ́ tó yẹ kí àwọn ní nìyí. Lọ́jọ́ tí akápò bá sọ pé ó ti rẹ òun, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn léèrè ni pé, ṣé ìwà ọkùnrin yìí ni iṣẹ́ dáadáa tó ń ṣe yẹn, àbí ọ̀nà tó fi ń wá kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ni?

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lèyí jẹ́ ní ilẹ̀ Yewa. Agbègbè ẹnubodè ni, àwọn oníṣòwò ń wọlé, wọ́n ń jáde láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa kan náà tí Igbogila wà ni Ìbèṣè wà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote lọ́dún 2012, tí àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ láti ibi gbogbo sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹgbẹ́ tó bá ní òun kò ní gba àjèjì rárá, owó ni yóò pàdánù, nítorí àjèjì ni oníbàárà, òun náà ló ń kó ọjà tuntun wá. Èyí tó bá sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá kànkùn láìbéèrè ohunkóhun lè jí lọ́jọ́ kan kó bá àpótí lófìfo.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dán wò ju ẹnikẹ́ni lọ láyé òde òní, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Káàkiri àgbáyé, àìmọye èèyàn ló ń fi àkókò ìsinmi wọn kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kó sì yẹ inú rẹ̀ wò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pàdé, púpọ̀ wọn kò sì fojú kan ara wọn rí. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò jìnnà sí ọjà Igbogila. Inú fóònù Android tí oníṣòwò fi ń gba alẹ́ẹ̀tì báǹkì, àti inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń sanwó fún èèyàn létí títì, Linux ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ètò tí Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991. Bí oníṣẹ́ ibi bá wọ inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, owó èèyàn mẹ́wàá tàbí ogún nìkan kọ́ ló wà nínú ewu.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti bí àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe ń dáàbò bo ara wọn, ní ẹ̀kọ́ nínú fún ẹnikẹ́ni tó bá ń dá àjọ, tó bá ń gba ọmọ iṣẹ́, tàbí tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.

Ẹni tó fi ọdún méjì àti ààbọ̀ wá kọ́kọ́rọ́

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní XZ Utils. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún fáìlì ńlá pọ̀ kó lè gba àyè díẹ̀, bí ìgbà tí alágbàpọ̀ bá ń ki aṣọ òkìrìkà mọ́ inú àpò. Ètò kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ilé-iṣẹ́ ń lò káàkiri ayé ló wà nínú wọn. Lasse Collin, ọmọ Finland kan, ló ń bójú tó o fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Collin. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó sì wúlò. Nígbà tó di ọdún 2022, àwọn orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yọjú. Wọ́n ń bu Collin, wọ́n ní ó ń lọ́ra jù, wọ́n ní iṣẹ́ náà ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó gbé e fún ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Collin dá wọn lóhùn pé òun kò tíì pa á tì, pé agbára òun ló níwọ̀n, kí wọ́n sì rántí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ó fi kún un pé Jia Tan ti ń ran òun lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ní ipa tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ níwájú.

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Nígbà tó fi di ọdún 2023, Jia Tan ti ní àṣẹ láti gbé ẹ̀dà tuntun ètò náà jáde fúnra rẹ̀. Lóṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2024, ó gbé ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde. Ó ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan pamọ́ sínú méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní irú kọ́kọ́rọ́ kan báyìí lọ́wọ́ lè wọ inú kọ̀ǹpútà tó bá ń lò wọ́n, kó sì ṣe ohun tó bá wù ú níbẹ̀, láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Andres Freund, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Microsoft tó tún wà lára àwọn tó ń ṣe ètò PostgreSQL, ni àṣírí náà tú sí lọ́wọ́. Ó ń dán iṣẹ́ tirẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, ó wá rí i pé wíwọlé tó yẹ kó yá ti ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ sí i. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré! Ẹlòmíràn ì bá ti gbójú kúrò níbẹ̀. Freund tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí tó fi dé ìdí rẹ̀, ó sì ké gbàjarè lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń dán wò ni ètò náà tíì wọ̀, kò tíì dé inú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò. Wọ́n yára yọ ọ́ dànù. Nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn irú ewu bẹ́ẹ̀, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún un.

Èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Lọ́dún 2018, ọ̀gbẹ́ni Dominic Tarr, tó ṣe ètò kan tó ń jẹ́ event-stream, kò lò ó mọ́, ó sì ti sú u láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ gba iṣẹ́ náà ṣe. Tarr gbé e fún un. Kò pẹ́ tí ẹni náà fi ti ètò mìíràn bọ inú rẹ̀, tí wọ́n dìídì ṣe láti jí owó bitcoin nínú àpò owó orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Copay. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà ni àṣírí rẹ̀ tó tú.

Ibi tí ògiri ti lanu

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn méjèèjì yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni oníṣẹ́ ibi gbà wọlé. Wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ díwọ̀n èèyàn. Iṣẹ́ Jia Tan dára lóòótọ́, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ rí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, kò sì sẹ́ni tó ṣe onídùúró fún un. Àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n gba irú rẹ̀ láyè gan-an, àwọn náà kò ní onídùúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà ló gbà pé ara kan náà ni gbogbo wọn.

Ohun kejì ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ilé, ó sì ti rẹ ẹni náà. Kò sí ẹni tó lè dá Collin lẹ́bi. Àìmọye ilé-iṣẹ́ olówó ló ń lo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ ló wá ṣe é níbi. Irú èyí wọ́pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwa náà. Ìyá kan á ti ṣe akápò fún ọdún méjìlá, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò yan igbákejì fún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní òun á máa bá a di ìwé owó mú, òun ló máa gbà, ìbáà jẹ́ ẹni rere, ìbáà jẹ́ ẹni ibi.

Ohun kẹta ni ìkánjú. Ẹni tó bá ń sọ pé kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ lónìí, nítorí pé tó bá di ọ̀la nǹkan á bàjẹ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n ní kó lọ sinmi ná.

Bí ẹgbẹ́ Debian ṣe ń gba ọmọ ẹgbẹ́

Debian wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1993. Bí ẹgbẹ̀rún kan ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní àṣẹ kíkún. Orí iṣẹ́ wọn náà ni wọ́n kọ́ Ubuntu lé, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde lọ́dún 2004. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní àṣẹ kíkún lè fi ètò sílẹ̀ tí yóò dé orí kọ̀ǹpútà àìmọye èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kánjú gba èèyàn.

Níbẹ̀rẹ̀, wíwọ ẹgbẹ́ náà kò le. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ wọlé wá ń pọ̀ jù, wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́dún 1999, wọ́n sì jókòó ṣe ìlànà tuntun. Lọ́dún 2000 ni wọ́n tó ṣí i padà. Wọ́n ti tún ìlànà náà ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ná, lábẹ́ ojú ẹni tó ti wà níbẹ̀, tí ìyẹn á máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó jáde. Ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu lásán wọ Debian.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ta ni ọ́. Olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà tó dà bí òǹtẹ̀ ọba, tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè fi í lu ìwé. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí ẹni tuntun pàdé ọmọ ẹgbẹ́ lójúkojú, kó fi ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìjọba hàn án, kí ìyẹn tó fọwọ́ sí i pé kọ́kọ́rọ́ yìí, ẹni báyìí ló ni ín. Àwọn ọmọ Debian mọ̀ pé káàdì kò sọ ìwà èèyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹni tí wọ́n bá lé lónìí kò ní rọrùn fún un láti fi orúkọ mìíràn padà wá lọ́la, ẹnì kan kò sì ní rọrùn fún láti pe ara rẹ̀ ní èèyàn márùn-ún. BVN tí àwọn báǹkì Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014 ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: kò lè sọ bóyá èèyàn jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé ẹnì kan ni.

Ẹ̀kẹta ni onídùúró. Ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lù ú, pé òun mọ iṣẹ́ ẹni yìí, òun sì gbà pé ó yẹ ní ọmọ ẹgbẹ́. Gbangba ni orúkọ onídùúró wà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa ẹni náà lé ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn lọ́wọ́ láti bi í ní ìbéèrè. Apá kan jẹ́ nípa òfin àti ìgbàgbọ́ ẹgbẹ́, pàápàá ìwé àdéhùn tí wọ́n bá ará ìlú ṣe lọ́dún 1997. Apá kejì jẹ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó ń béèrè yìí yóò kọ ohun tó rí sílẹ̀, àwọn mìíràn yóò tún un yẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ kékeré kan tó ń rí sí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ níkẹyìn.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí i pé ẹni tó ṣe onídùúró kọ́ ló ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Oníṣẹ́ ibi tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, láwọn àkókò tó yàtọ̀ síra. Ìyẹn le ju kéèyàn tan ẹnì kan tó ti rẹ̀ lọ.

Àwọn baba ńlá wa náà mọ̀ ọ́n

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Samuel Johnson ti kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, ìyẹn ni pé àwọn èèyàn wa ti ń fi owó wọn sọ́wọ́ ara wọn tipẹ́ kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó jáde lọ́dún 1935. Nínú èsúsú, ẹni tí wọn kò bá mọ̀ dáadáa, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í sí nínú àwọn tó máa kó owó. Bó bá fẹ́ sá, owó ara rẹ̀ ló máa fi sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tuntun á máa dá owó fún oṣù mélòó kan kó tó lè yá owó, á sì mú onídùúró wá.

Debian náà ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2007. Wọ́n rí i pé ìlànà wọn ti pẹ́ jù, pé àwọn èèyàn rere ń dúró títí ó ń sú wọn. Wọ́n wá dá ipò kékeré kan sílẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ipò náà lè gbé ètò kan tàbí méjì tí wọ́n bá fún un nìkan jáde, kò lè fọwọ́ kan tẹlòmíràn, kò sì ní ìbò. Bó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ó lè máa lọ síwájú. Ó dà bí ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fún ní ìsọ̀ kan láti máa tà, tí kò tíì fún ní káàdì ATM.

Èyí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í ṣe. Lójú wọn, àjèjì ni èèyàn lónìí, tó bá di ọ̀la ó ti di ọmọ ilé. Àtẹ̀gùn kò sí láàárín. Ẹni tó gba ọmọ tó ń ṣe POS lóṣù tó kọjá ti fún un ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀, ó ti jẹ́ kó mọ páswọ́ọ̀dù fóònù, ó ti fi ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn oníbàárà wà. Ọmọ náà lè jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun kan tó kù tí yóò dá a dúró.

Ibi kan tún wà tí Debian fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́. Jia Tan kò di ọmọ ẹgbẹ́ wọn, síbẹ̀ ètò burúkú rẹ̀ wọ inú ẹ̀dà tí wọ́n ń dán wò, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ni wọ́n ti máa ń gba XZ. Wọ́n yẹ ọmọ ilé wò, wọn kò lè yẹ ilé ẹni tó ń kó ọjà fún wọn wò. Oníṣòwò tó ń ṣọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú méjèèjì, àmọ́ tó ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dín owó kù, gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá

Ohun tó le jù fún ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni kí wọ́n sọ fún èèyàn pé àwọn kò tíì lè gbà á. Ojú ń tì wọ́n. Ẹni náà ti san owó fọ́ọ̀mù, ó ti bá wọn ṣe ìnáwó, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ alága ló mú un wá. Wọ́n á wá gbà á kí ọ̀rọ̀ má bàa dìjà.

Lóṣù kẹrin ọdún 2024, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ XZ, àjọ OpenJS Foundation, tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé irú rẹ̀ fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà. Àwọn lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ orúkọ tó yàtọ̀ síra, tí ọ̀rọ̀ inú wọn sì jọra. Wọ́n ní ewu ńlá wà nínú ọ̀kan lára àwọn ètò náà, pé kí wọ́n tètè tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ewu ọ̀hún gan-an. Wọ́n tún ní kí wọ́n fi àwọn ṣe alábòójútó ètò náà, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí àṣẹ gbà. Àjọ náà wá fi àmì tí èèyàn fi lè dá irú wọn mọ̀ tó àwọn ẹgbẹ́ yòókù létí.

Ẹgbẹ́ tó bá ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀ níbi tó bá ti fẹ́ sọ pé rárá. Kò sí ìdí láti pe ẹnikẹ́ni ní olè. Bí ẹ̀rí kò bá sí lọ́wọ́, ẹni tó bá pe èèyàn ní olè lójú ọjà lè bá ara rẹ̀ ní kóòtù. Ohun tó kù nìkan ni kí wọ́n sọ: ìwé ìlànà wa ní onídùúró méjì, ẹyọ kan lẹ mú wá, oṣù mẹ́fà la ní, oṣù kejì yín rèé. Kí wọ́n sọ ohun tó lè ṣe láti yẹ, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ó tún dára kó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ló sọ ọ́, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni inú á máa bí sí.

Bí ẹni náà bá ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lè ṣí àwọn èèyàn lójú. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ á máa béèrè ohun tó kù kóun ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń rán èèyàn wá halẹ̀, tó ń dá àwọn ìgbìmọ̀ níyà sí ara wọn, tàbí tó ń sọ pé àǹfààní á fo ẹgbẹ́ dá bí wọn kò bá fún òun ní ipò lọ́sẹ̀ yìí, a jẹ́ pé ìgbìmọ̀ kò ṣìṣe.

Bí ó bá ti wọlé ńkọ́?

Bí wọ́n bá já ẹnì kan tó ti wọlé, wọ́n kì í yọ orúkọ rẹ̀ nìkan kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2021, àwọn tó ń bójú tó Linux gbọ́ pé àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àtúnṣe tó ní àbùkù ránṣẹ́ láti wò bóyá wọ́n á já a. Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, dá iṣẹ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ yunifásítì náà wá dúró. Wọ́n padà lọ yẹ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùwádìí náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì fa ìwé ìwádìí wọn padà. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ wá ló burú, ṣùgbọ́n láìyẹ̀ ẹ́ wò, ta ló máa mọ̀? Ẹgbẹ́ tó bá rí i pé akọ̀wé rẹ̀ jí owó oṣù tó kọjá gbọ́dọ̀ ṣí ìwé gbogbo ọdún tó ti wà níbẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ àgádágodo pẹ̀lú àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ní báǹkì.

Debian tún ní àwọn tó ń wá ọmọ ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ tí wọn kò gbúròó rẹ̀. Wọ́n á kọ̀wé sí i. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láìbínú. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹni tó ni ín kò lò mọ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mélòó nínú àwọn oníṣòwò ló ti yọ ọmọ iṣẹ́ tó lọ lọ́dún tó kọjá kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, tàbí tó ti yí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ìyẹn mọ̀ padà?

Kí ẹgbẹ́ tàbí oníṣòwò tó sùn lálẹ́ òní, ohun díẹ̀ wà tó lè ṣe tí kò ní ná an lówó. Kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, páswọ́ọ̀dù tàbí àṣẹ báǹkì sílẹ̀, kó sì wo ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ mọ́. Kó rí i pé èèyàn méjì ló ń fọwọ́ sí owó kó tó jáde. Kó yan igbákejì fún akápò kó tó rẹ akápò, lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, dípò kí ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ gba ipò náà. Kó kọ àtẹ̀gùn tí ẹni tuntun á máa gùn sílẹ̀, kí àjèjì tó wá pẹ̀lú ọkàn rere lè mọ ọjọ́ tí òun náà á di ọmọ ilé.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ni ògiri ni àtúnṣe wà.